Ọ̀bẹ Olówó Ńlá Tí Mo Fẹ́ Rà fún Bàbá Mi

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù ọdún 2025, bàbá mi ń ti oko kòkó bọ̀ wá sí Ìṣẹ́-Èkìtì lórí ọ̀kadà. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà sì ń yọ̀. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí ilẹ̀ gbé dà gẹ̀rẹ́, táyà yọ̀, ọ̀kadà sì gbé àwọn méjèèjì ṣubú. Ohunkóhun kò ṣe ọlọ́kadà. Bàbá mi náà ì bá má fara pa, bí kì í bá ṣe ti ọ̀bẹ tí wọ́n fi àkísà wé sínú àpò ṣòkòtò wọn. Ọ̀bẹ náà gba inú àkísà kọjá, ó sì gún wọn ní itan.

Egbò náà kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Bí ó bá jẹ́ ara ọ̀dọ́ ni, kò ní í pẹ́ tí yóò fi jinná. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ìtọ̀ ṣúgà sì ti wà lára wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nínú ilé mọ ohun tí mò ń wí. Ṣúgà tó bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí egbò tètè san, pàápàá jù lọ ní ẹsẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni a fi ń mú wọn lọ wẹ egbò. Ìyá mi kì í sùn dáadáa lóru. Wọ́n á tan iná, wọ́n á tú aṣọ egbò wò, wọ́n á tún un dì.

Nígbà tí egbò jinná tán, gbogbo àwa ọmọ pé jọ, a ní kí bàbá mi fi oko sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa láìdáhùn. Nígbà tí a dákẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá.

“Níbo ni ọ̀bẹ mi wà?”

Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn. Ìyá mi ti gbé e pamọ́ sí ìsàlẹ̀ garawa gààrí.

Ọ̀bẹ náà kì í ṣe ohun èlò oko nìkan. Òun ni wọ́n fi ń bó ọsàn, òun ni wọ́n fi ń gé pákò, òun ni wọ́n fi ń já okùn ewúrẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó bá yọ lára igi kòkó. Alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò wa ni ó rọ ọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Pípọ́n ti jẹ ẹ́ títí ó fi tín-ín-rín bí ewé ọ̀pẹ. Mo mọ̀ pé a kò lè gba oko lọ́wọ́ bàbá mi, nítorí náà mo pinnu pé ọ̀bẹ ni n óò pààrọ̀. Mo fẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ yóò máa sùn sínú èèkù nígbà tí a kò bá lò ó, tí kò fi ní í lè gún ẹnikẹ́ni mọ́. Irú ọ̀bẹ yìí ni n óò máa pè ní ọ̀bẹ aṣẹ́po nínú àròkọ yìí.

Ohun tí mo rí, tí ojú mi kò kúrò lára rẹ̀

Mo jókòó sí yàrá mi ní Adó-Èkìtì, mo ń wá ọ̀bẹ aṣẹ́po lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun kékeré ni mo rò pé mò ń wá. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí ọ̀kan tí ó gbà mí lọ́kàn. Titanium ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Irin olówó iyebíye ni wọ́n fi ṣe ẹnu rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì fi nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tán, ó tán nìyẹn. Iye rẹ̀ jẹ́ 450 dọ́là. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà nígbà náà, ó ju 650,000 lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, 700,000 náírà ni mo ní ní ìpamọ́. Mo fi oṣù mọ́kànlá tọ́jú rẹ̀ kí n lè fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká mìíràn, nítorí ìlàjì ojú èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti ṣókùnkùn. Síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní bàbá kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ní kọ̀ǹpútà lè dúró. N kò tètè jẹ́wọ́ fún ara mi pé kì í ṣe itan bàbá mi nìkan ni mò ń rò. Mo ti ń fojú inú rí ara mi bí mo ṣe ń fi nọ́ńbà tó wà lára ọ̀bẹ náà han àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Kí n tó sanwó, mo ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń rà. Ohun tí mo kọ́ wúlò, n óò sì pín in pẹ̀lú yín.

Àlùfáà kan tó ń jẹ́ William Gregor ni ó kọ́kọ́ ṣàwárí titanium nínú iyanrìn ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1791. Martin Klaproth, ará Jámánì, ni ó sọ ọ́ ní orúkọ ní 1795. Ó fúyẹ́ gan-an: bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú irin tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti irin. Kì í dípẹtà. Ara ènìyàn kì í kọ̀ ọ́, ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń fi í to egungun tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò le tó láti gbé ẹnu mímú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀bẹ titanium ni òun ń tà fún yín, ẹ mọ̀ pé èèkù ni titanium sábà máa ń wà fún. Irin ni ó sábà máa ń gé nǹkan.

Irin tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀bẹ tí mo rí ni wọ́n ń pè ní MagnaCut. Larrin Thomas, onímọ̀ irin kan ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣètò bí wọn yóò ṣe po ó, ó sì dé ọjà ní 2021. Wọ́n á yọ́ irin, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ tó lágbára fọ́n ọn ká títí yóò fi di ìyẹ̀fun, wọ́n á sì fi ooru àti agbára ńlá tẹ ìyẹ̀fun náà pọ̀ di odidi. Èyí ni kì í jẹ́ kí ohun líle inú rẹ̀ ṣù jọ síbì kan. Irin bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó kú, ìdípẹtà kì í sì í tètè mú un.

Bí wọ́n ṣe ń ti ẹnu ọ̀bẹ náà pa kí ó má baà já lu ìka ni ó wù mí jù lọ. Chris Reeve, ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ̀nà náà di olókìkí. Apá kan lára èèkù titanium fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí wọlé, tí yóò sì dúró ti ìdí ọ̀bẹ gbọn-in. Sebenza ni Reeve sọ ọ̀bẹ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ Súlú tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Manchester gbà láti bá mi rà á, kí wọ́n sì mú un bọ̀ nílé nínú oṣù Ọ̀pẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níbẹ̀. Òfin 1988 gbà kí ènìyàn mú ọ̀bẹ aṣẹ́po rìn ní gbangba bí ẹnu rẹ̀ kò bá ju íǹṣì mẹ́ta lọ, tí kò sì ní ohun tó ń tì í pa. Ẹni tó bá mú èyí tó ní ìtìpa rìn gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní ilé ni wọn yóò ti gbà á, inú ẹrù ńlá ni wọn yóò sì kó o sí, nítorí kò sí ọkọ̀ òfurufú tí ń gba ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ nínú báàgì ọwọ́.

Gbogbo ètò ti tò. Ó ku kí n sanwó.

Ní àgbẹ̀dẹ

Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń gba Ìkéré kọjá, mo rántí ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà tí olùkọ́ wa kan sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní yunifásítì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ́ ni ó gbẹ́ ẹ. Èfọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ààfin Arínjalẹ̀ ní ìlú wa ni ó ti ṣiṣẹ́ di gbajúmọ̀, kó tó kú ní 1938. Ó gbẹ́ Ògògà sórí ìlẹ̀kùn náà, níbi tí ọba ti ń gba òyìnbó aṣojú ìjọba ní àlejò. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Wọ́n gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ẹ̀kọ́ kan náà ni a ti kọ́ pé ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére máa ń pín iṣẹ́ wọn sí: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Àáké ni ó pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá di fínfín, tí wọ́n ń gbẹ́ irun, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọ̀bẹ ni. Alágbẹ̀dẹ ilé ni ó sì ń rọ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀. Mo rò ó nínú ọkọ̀ pé kò sí nọ́ńbà kankan lára ìlẹ̀kùn Ògògà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kéde pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni òun ṣe. Ohun tó mú un níyì ni pé ọwọ́ tó lè ṣe é kò pọ̀. Èrò yìí kó ìdààmú bá mi díẹ̀, nítorí nọ́ńbà wà nínú ohun tí mo fẹ́ san 650,000 lé lórí.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ̀bẹ bàbá mi. Ẹwìrì aláwọ ti kúrò níbẹ̀. Rìmù kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń yí láti fi fẹ́ iná. Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun ni wọ́n fi ń rọ àdá àti ọ̀bẹ. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ń wa ọkọ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ṣí àwòrán ọ̀bẹ náà lórí fóònù, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n mú fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n tún jìnnà sí i. Wọ́n ní kí n tún sọ bí ìtìpa náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n mi orí.

“Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́,” ni wọ́n wí. “Èmi kò lè ṣe ibi tó ti ń ṣẹ́ po yìí. N kò ní í purọ́ fún ọ, Àdùnní. Ọ̀bẹ tèmi ń dípẹtà bí wọn kò bá nù ún. Èyí kò ní í dípẹtà bẹ́ẹ̀.”

Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí ìdáhùn tí mo wá gbà.

“Ṣùgbọ́n,” wọ́n tún wí, “o ní irin rẹ̀ le gan-an, pé ó ń pẹ́ kó tó kú. Ọjọ́ tó bá wá kú ńkọ́? Ta ni yóò bá bàbá rẹ pọ́n ọn?”

Mo ní bàbá mi ní òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú fáìlì, wọ́n fi ha sípíríǹgì kan tí wọn kò tíì fi sínú iná, fáìlì mú un. Wọ́n fi ha ẹnu àdá tí wọ́n ti rì bọ omi nígbà tó gbóná, fáìlì yọ̀ lórí rẹ̀. “Irin tó bá le, a máa pẹ́ kó tó kú,” ni wọ́n wí, “a sì máa pẹ́ kó tó jí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bó ti wù kó mú tó, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò tún un ṣe.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ orúkọ MagnaCut rí. Ohun èlò vanadium àti niobium wà nínú irin náà, ẹyọ kéékèèké tí wọ́n sì ń dì sínú rẹ̀ le ju òkúta odò lọ. Òkúta tí wọ́n fi dáyámọ́ǹdì ṣe ni ó ń pọ́n ọn dáadáa. N kò rí irú rẹ̀ rí ní ọjà Ìṣẹ́ tàbí ti Èmùré. Ọ̀bẹ tí mo fẹ́ rà yóò mú fún oṣù púpọ̀, yóò sì wá kú mọ́ bàbá mi lọ́wọ́. Mo mọ bàbá mi. Ọ̀bẹ tí kò bá mú, agbára ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí ọ̀bẹ sì ti ń yọ̀ lu ọwọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó

Mo padà sí Adó láì sanwó. Mo mú ìwé, mo pín owó ọ̀bẹ náà sí ọ̀nà mẹ́rin: ìtìpa, irin, titanium àti nọ́ńbà. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ olówó iyebíye ni pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fún ẹni tí yóò lò ó.

Ìtìpa ni ó ń dáàbò bo ọwọ́. Èyí tó dára wà lára ọ̀bẹ tí kò wọ́n pẹ̀lú. Ẹ ṣí i, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan igi jẹ́jẹ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Irin líle dára fún ẹni tó ní ohun tí yóò fi pọ́n ọn. Fún ẹni tí òkúta lásán ni ó ní, irin tó rọ̀ díẹ̀ sàn jù. Titanium fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé àdá àti ẹrù kòkó kò ní í mọ ìyàtọ̀ náà nínú àpò rẹ̀. Ní ti nọ́ńbà, kì í gé ọsàn. Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ mọ ohun tí wọ́n ń fi owó wọn rà, n kò sì bá wọn jà; ohun tó ṣọ̀wọ́n lè níye lórí fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òun ni ẹ ń sanwó fún.

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi. Kí ni ó gún bàbá mi gan-an? Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀bẹ bàbá mi kò tilẹ̀ ní àkọ̀ tí yóò bà jẹ́. Àkísà ni. Ní gbogbo ogún ọdún tí wọ́n fi lò ó, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa, àwa ọmọ tí a ń jẹ ọsàn tí wọ́n fi bó, tó ronú láti ran àkọ̀ kan fún un.

Mo fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n bá mi ra ọ̀bẹ aṣẹ́po mìíràn, èyí tó ní ìtìpa, tí irin rẹ̀ kò le jù, tí owó rẹ̀ kò sì ju 40 dọ́là lọ. Mo ní kí bàbá alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀bẹ oko tuntun. Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe ní ìlú wa fi awọ tó nípọn ran àkọ̀ rẹ̀, ó fi awẹ́ kan bo orí èèkù, ó sì kan bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ọ̀bẹ àti àkọ̀ kò gba 12,000 náírà tán lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Bàbá mi gba ọ̀bẹ aṣẹ́po, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Mo fi bí wọn yóò ṣe ṣí i hàn wọ́n. Ó dún “kà”. Wọ́n tì í padà, wọ́n tún ṣí i, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, inú wọn sì dùn bí ti ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bó ọsàn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pọ́n ọn lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbà.

N kò ní í parọ́: mo ṣì máa ń wo àwòrán ọ̀bẹ titanium yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tuntun tí mo fi owó náà rà ni mo fi ń wò ó, òun náà ni mo sì fi kọ àròkọ yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí Adó, bàbá mi gun ọ̀kadà lọ sí oko. Ọ̀bẹ aṣẹ́po wà nínú àpò, ọ̀bẹ oko wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọ̀kadà fi pòórá. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ọwọ́ bọ garawa gààrí, wọ́n yọ ọ̀bẹ àtijọ́ yẹn jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rẹ́ ilá. Wọ́n ní nínú gbogbo ọ̀bẹ tí a ń kó wálé, kò sí èyí tó mú tó o.